Bó Pẹ́ Bó Yá, Ta Ni Yóò Kọ Dráífà Náà?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtúnṣe tí ó máa ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń lo Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ẹ̀rọ tó bá ti dàgbà jù. Tó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni ó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tokunbo tí wọ́n tò sí Computer Village ní Ìkẹjà kò dé ibẹ̀. Ara wọn ṣì le, bọ́tìnì wọn pé, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà wọn ti kẹ̀yìn sí wọn. Àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà á ní kí ẹ gbé Linux sórí rẹ̀, ìmọ̀ràn náà sì dára. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́ kí oúnjẹ orí iná tó jinná. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú ẹ̀rọ á tàn, ohùn á jáde, àmọ́ Wi-Fi kò ní jí, tàbí kí fídíò máa dúró, kó máa lọ.

Dráífà ni kò sí níbẹ̀. Dráífà ni sọ́fítíwíà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: nọ́ńbà wo ni a ó kọ síbo kí ṣíìpù tó gbé àwòrán jáde, kí ni ṣíìpù náà yóò dá padà, kí ni a ó ṣe bó bá kọ̀. Ẹni tó ṣe ṣíìpù ló ní ìwé àlàyé gbogbo èyí lọ́wọ́. Fún Windows, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ dráífà, tí ó ń dì í pa, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ra ọjà. Linux ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kernel rẹ̀, ìyẹn apá tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ń yí padà léraléra, dráífà tó bá sì wà lóde tí àwọn tó ń tún kernel ṣe kò lè rí inú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó di òkú. Wọ́n ń fẹ́ kí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì máa bá kernel lọ.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìbéèrè kan: ṣé ká dúró de ẹni tó ṣe ṣíìpù ni, àbí ká kọ dráífà fúnra wa? Àwọn tó ní ká ṣe sùúrù máa ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ akólòlò ti pe baba láàárín ọdún wọ̀nyí. Àmọ́ nígbà tí mo to ìtàn wọn lẹ́sẹẹsẹ, mo rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ máa ń ṣí dráífà nígbà tí ẹlòmíràn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ tán láìgbàṣẹ, tàbí nígbà tí oníbàárà tó ń ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ní òun kò rà mọ́. Ohun tí wọ́n sì ṣí kì í sábà tó ohun tí àwọn ènìyàn rò.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn ilé-iṣẹ́ ná, torí àwíjàre wọn kì í ṣe irọ́ tán. Wọ́n ní inú dráífà káàdì graphics ni àwọn kó ọgbọ́n tí àwọn fi ń gba ọjà lọ́wọ́ ara wọn sí. Wọ́n ní lára kóòdù náà, òmíràn kì í ṣe tiwọn, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti gba àyè láti lò ó. Wọ́n ní bí àwọn bá tú u síta, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ kan lè rí ohun tí yóò fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n ní àwọn oníléeṣẹ́ sinimá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bí a ṣe ń ṣí fíìmù tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ní ti Wi-Fi, wọ́n á ní ìjọba ni: FCC ní Amẹ́ríkà kò gbà kí oníbàárà máa yí agbára rédíò padà bó ṣe wù ú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fojú kéré jù. Ní ọdún 2016, FCC yìí kan náà bu owó ìtanràn 200,000 dọ́là lé TP-Link lórí agbára rédíò rúútà rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àdéhùn náà, TP-Link gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí rúútà rẹ̀ yóò fi lè gba sọ́fítíwíà ẹlòmíràn. Òfin kò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ìdí tó lágbára jù ni èyí tí wọn kì í fi ẹnu sọ: àwọn tó ń lo Linux lórí tábìlì wọn kò pọ̀ tó láti san owó oṣù ẹnjinníà.

Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà kernel, gbìyànjú láti gba àwíjàre owó yìí lẹ́nu wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó kéde pé ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá mú ìwé àlàyé wá, tàbí tó bá yọ̀ǹda ẹnjinníà kan tí yóò máa dáhùn ìbéèrè, àwọn yóò kọ dráífà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá fẹ́ ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí, wọn yóò fọwọ́ sí i. Ó rọrùn láti rò pé ilé-iṣẹ́ yóò ya lu ú. Àwọn ẹnjinníà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà ló ya lu ú. Wọ́n pọ̀ ju iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé wá lọ. Èyí fi hàn pé owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ará OpenBSD, ètò mìíràn tó ṣí bíi Linux, kò tilẹ̀ gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Theo de Raadt tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé àṣírí kankan, òun kò sì ní gba kóòdù dídì tí wọ́n ń pè ní blob; ìwé àlàyé ni òun ń fẹ́. Ìdí rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Dráífà tí ẹni kan kọ láti inú ìwé tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kà, ọjọ́ tí ẹni yẹn bá kúrò nídìí rẹ̀, ta ni yóò mọ ohun tí ó ń ṣe? Wọ́n máa ń pe ọkùnrin yìí ní alágídí. Alágídí ni lóòótọ́, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ríran jìnnà ju ọ̀pọ̀ àwọn onísùúrù lọ.

Ìtàn tó yẹ ká dúró lé lórí jù ni ti ATI. Ní ọdún 2006, AMD ra ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì graphics yìí ní nǹkan bí bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Kó tó di ìgbà yẹn, dráífà dídì tí ATI ń ṣe fún Linux di ohun ẹ̀gàn láàárín àwọn tó ń lò ó, àwọn kan sì ti jókòó ti káàdì rẹ̀ láti fojú inú wò ó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, AMD ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé àlàyé káàdì náà síta láìsí ìwé àṣírí, ó sì gbé iṣẹ́ fún àwọn ẹnjinníà SUSE, ilé-iṣẹ́ Linux kan, láti kọ dráífà. Gbogbo ayé Linux yọ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ìdúró náà ṣe gùn tó lẹ́yìn ìlérí. Gbogbo ojú ewé ni agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ kà kó tó jáde. Apá tó ń bá ṣíìpù ṣí fídíò, tí wọ́n ń pè ní UVD, tó ti wà nínú káàdì láti ọdún 2007, oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni kóòdù rẹ̀ tó jáde. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó ra káàdì AMD nítorí ìlérí ń fi agbára ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wo fíìmù, fáànù á sì máa pariwo. Nígbà tí dráífà tuntun, amdgpu, yóò fi wọ inú Linux 4.2 ní ọdún 2015, káàdì tí ọ̀pọ̀ fi owó wọn dúró dè é ti di ti àtijọ́.

Ibi tí ìtàn náà ti wá dùn ni Vulkan, ọ̀nà tuntun tí àwọn eré kọ̀ǹpútà ń gbà bá káàdì sọ̀rọ̀. AMD ní òun yóò ṣí dráífà Vulkan tòun. Oṣù ń lọ, kò jáde. Ní ọdún 2016, ọkùnrin méjì, Dave Airlie àti Bas Nieuwenhuizen, kò dúró mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn, wọ́n pè é ní RADV. Ìgbà tí AMD yóò fi ṣí tirẹ̀, tó ń jẹ́ AMDVLK, ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, RADV ti gba àwọn ènìyàn mọ́ra. Valve, àwọn tó ń ta eré kọ̀ǹpútà, gbé owó àti ẹnjinníà tì í, nítorí ọjà ni wọ́n ń wò: nígbà tí wọ́n gbé Steam Deck jáde ní ọdún 2022, Linux àti ṣíìpù AMD ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, AMD kéde pé òun ti pa AMDVLK tì, RADV ni òun yóò máa kún lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù wá ń lo dráífà tí àwọn aláìnísùúrù kọ. Bí mo bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo bá ẹni tó ní ká dúró sọ̀rọ̀, èyí ni mo máa mú.

Ti Nvidia yàtọ̀, ó sì gùn. Ilé-iṣẹ́ yìí kò ya ọ̀lẹ sí Linux. Dráífà dídì rẹ̀ yára, nítorí kóòdù kan náà ló ń lò fún Windows àti Linux, àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Hollywood sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí kò fi kánjú. Dráífà kékeré kan wà ní gbangba, nv lorúkọ rẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ kóòdù rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó bá kà á kò fi ní lóye rẹ̀. Ní ọdún 2010, Nvidia pa á tì, ó sì gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi VESA, ìyẹn ọ̀nà àwòrán tó lọ́ra jù lọ, gbé ẹ̀rọ wọn dìde títí wọn ó fi rí dráífà dídì gbé sí i. Ìmọ̀ràn yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó sọ ọ́ ni Nouveau ti dé: àwọn olùyọ̀ǹda tí wọ́n ń wo ohun tí dráífà Nvidia ń kọ sínú káàdì, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí wọ́n fi kọ tiwọn. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn gan-an, ó wọ inú kernel.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ wà ní yunifásítì Aalto ní Finland. Obìnrin kan nínú àwọn olùgbọ́ bi í nípa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ní káàdì Nvidia tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Torvalds kọjú sí kámẹ́rà, ó na ìka àárín, ó sì bú ilé-iṣẹ́ náà ní gbangba. Gbogbo ayé ló wo fídíò náà. Ṣé èébú yẹn ṣiṣẹ́? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nvidia bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará Nouveau, àwọn kan sì gbà pé ojú ló tì í. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà káàdì GTX 900 tó jáde ní ọdún 2014, ó fi ọwọ́ òsì gba ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni padà. Firmware ni sọ́fítíwíà tó ń gbé inú káàdì fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, káàdì kì í gbà á àyàfi tí Nvidia bá fi àmì àṣírí rẹ̀ sí i. Apá tó ń jẹ́ kí káàdì sáré sì wà lábẹ́ àmì yẹn. Àwọn ará Nouveau lè gbé káàdì náà dìde, wọ́n lè fi í gbé àwòrán jáde, ṣùgbọ́n eré ìbẹ̀rẹ̀ tó bá jí pẹ̀lú rẹ̀ náà ni yóò máa bá lọ. Ọgbọ́n àti ìforítì kò lè ṣí i mọ́. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i.

Nígbà tó wá di oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìròyìn gba ìgboro pé Nvidia ti ṣí dráífà rẹ̀ lórí Linux. Àwọn tó yọ̀ jù ni àwọn tí kò kà á dé ìsàlẹ̀. Apá tó ń wọ inú kernel nìkan ni ó ṣí. Apá tó ń bá eré àti sọ́fítíwíà sọ̀rọ̀, tó pọ̀ jù tó sì ní ọgbọ́n jù, ṣì wà ní dídì. Ọ̀pọ̀ ohun tí apá kernel ń ṣe tẹ́lẹ̀ sì ti kó lọ sínú ṣíìpù kékeré kan lórí káàdì, GSP, tó ní firmware tirẹ̀, tó dì, tó sì ní àmì. Èyí tó kù níta kò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣírí mọ́. Turing, ìran tó jáde ní ọdún 2018, ni ìran àkọ́kọ́ tó ní GSP, nítorí náà ṣíṣí náà kò kan káàdì tó bá ti jáde ṣáájú rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn? Èmi kò rò pé ìka Torvalds ni. Ní àwọn ọdún yẹn, sáfà ni Nvidia ń tà jù, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì sínú ilé kan ṣoṣo fún iṣẹ́ ọpọlọ àtọwọ́dá. Linux ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ń lò. Bí àtúnṣe kernel bá ba dráífà jẹ́ níbẹ̀, ilé kan odindi ló dúró. Àwọn ará kernel náà sì ń dín ọ̀nà tí dráífà dídì ń gbà wọlé kù. Ní ọdún 2020, wọ́n dí ihò kan tí irú dráífà bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá. Lọ́dún 2024, Nvidia kéde pé kernel módù tó ṣí ni òun yóò máa gbé síwájú. Fún káàdì sáfà tuntun bíi Blackwell, òun nìkan ló wà. Owó ló sọ̀rọ̀, àwọn tó ń lo Linux lórí láptọ́ọ̀pù sì jẹ nínú àjẹkù.

Àjẹkù náà kò burú ṣá. Nítorí firmware GSP náà wà lóde, Nouveau wá lè mú káàdì tuntun sáré. Faith Ekstrand ti ilé-iṣẹ́ Collabora àti àwọn mìíràn kọ NVK, dráífà Vulkan, láti ọdún 2022, ó sì ti wà nínú Mesa, ibi tí wọ́n ń kó dráífà graphics tó ṣí jọ sí, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ní ọdún 2025, ìbẹ̀rẹ̀ dráífà mìíràn, Nova, tí àwọn ará Red Hat ń fi èdè Rust kọ, wọ inú Linux 6.15. Ben Skeggs, tó bójú tó Nouveau fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2023. Nígbà tó máa padà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ Nvidia ni.

Nínú ayé ṣíìpù kéékèèké, ọ̀rọ̀ náà yára díẹ̀, ó sì tún rí bákan náà. Ní ọdún 2012, Raspberry Pi kéde pé òun ti ṣí dráífà graphics tòun. Àwọn tó kà á rí i pé kóòdù náà kàn ń gba ọ̀rọ̀, ó sì ń gbé e fún firmware dídì tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì 2014, Broadcom tú ìwé àlàyé gidi síta, Raspberry Pi sì gbé 10,000 dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi kóòdù tó ṣí mú eré Quake III ṣiṣẹ́ lórí Pi. Simon Hall gba owó náà láàárín nǹkan bí oṣù kan. Broadcom tún gba Eric Anholt síṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ Intel kó lè kọ dráífà tó pé. Ní ti Mali, ṣíìpù graphics ti Arm, Luc Verhaegen ti fi iṣẹ́ tó ń jẹ́ Lima hàn ní ìpàdé FOSDEM ní Brussels ní ọdún 2012, ìwúrí kankan kò ti ọ̀dọ̀ Arm wá. Alyssa Rosenzweig ṣì wà ní ilé-ìwé girama nígbà tó dáwọ́ lé Panfrost fún àwọn Mali tuntun. Méjèèjì wọ inú Linux 5.2 ní ọdún 2019. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Arm tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kún un.

Ti PowerVR, ṣíìpù graphics ti ilé-iṣẹ́ Imagination, ló dùn mí jù. Ní ọdún 2008, Intel fi ṣíìpù Imagination sínú láptọ́ọ̀pù kéékèèké lábẹ́ orúkọ GMA 500. Àwọn tó rà wọ́n rò pé Intel ni, Intel kì í sì í fi Linux sílẹ̀. Wọn kò rí dráífà gidi kan gbà. Imagination wá ṣí dráífà Vulkan ní ọdún 2022, apá kernel rẹ̀ sì wọ Linux 6.8 ní ọdún 2024. Fún ìran tuntun ni. GMA 500 kò sí níbẹ̀.

Wi-Fi ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ mọ ìrora yìí. Fún ọdún gbọọrọ, ṣíìpù Broadcom wà nínú ìdajì láptọ́ọ̀pù ayé, bó ti rí lójú ẹni tó ń lo Linux nígbà náà, Broadcom kò sì sọ ohunkóhun. Àwọn kan fi sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ ndiswrapper ti dráífà Windows bọ inú Linux. Àwọn mìíràn fojú inú wo ṣíìpù náà títí dráífà wọn fi wọ inú kernel ní ọdún 2006. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gé firmware jáde láti inú fáìlì Windows fúnra rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní àṣẹ láti pín in. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 ni Broadcom tó gbé dráífà tó ṣí tirẹ̀ jáde. Lóde òní, àwọn USB Wi-Fi Realtek olówó pọ́ọ́kú ló ń fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Kóòdù wọn wà, àmọ́ ìta kernel ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbé fún ọdún púpọ̀, níbi tí àtúnṣe kan ti tó láti pa wọ́n. Larry Finger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún wọn ṣe, kú ní ọdún 2024; ó ṣòro láti ka iye ẹni tó ń lo iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni ibi tí ìdúró náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣí dráífà fún wa. Apple gbé AirPrint jáde ní ọdún 2010 kí iPhone lè tẹ ìwé láìgbé dráífà kankan sínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò lè sọ pé fóònù kò jẹ́ nǹkan. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ wọn láti gbọ́ èdè kan náà, Linux sì bá wọn gbọ́ ọ. Gbogbo ariwo tí Richard Stallman ti ń pa lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox láti nǹkan bí ọdún 1980, fóònù ló wá yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀, láìmọ̀ pé òun ń yanjú ohunkóhun.

Fóònù fúnra rẹ̀ kò rí ojúure bẹ́ẹ̀ gbà. Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ wa ní Nàìjíríà, ṣíìpù MediaTek tàbí Unisoc ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Kernel Android jẹ́ Linux, òfin àṣẹ rẹ̀ sì ní kí wọ́n tú kóòdù rẹ̀ síta. Àmọ́ dráífà kámẹ́rà, ti graphics àti firmware tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ tí ẹni tó ṣe ṣíìpù bá dáwọ́ dúró, Android tuntun kò ní wọ fóònù náà mọ́, bó ti wù kí bátìrì rẹ̀ dára tó. Fairphone ní Netherlands fẹ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti borí èyí. Fairphone 2 jáde ní ọdún 2015 pẹ̀lú ṣíìpù Snapdragon 801. Qualcomm tó ṣe ṣíìpù náà kò bá a kọjá Android 6. Àwọn ènìyàn kéréje tó wà ní Fairphone fi ọwọ́ ara wọn gbé e dé Android 10 ní ọdún 2022. Ìwúrí ni, ṣùgbọ́n ó gba ilé-iṣẹ́ kan odindi ní ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣe é fún fóònù kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá wá ní àbá mi tẹ̀ sí àwọn tó ń kọ fúnra wọn jù, ó yẹ kó bi mí nípa ohun tí ó ń ná wọn. Ẹ wo Asahi Linux. Hector Martin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2021 láti gbé Linux sórí Mac M1. Apple kò dí i lọ́wọ́, kò sì fún un ní ìwé kan. Láàárín ọdún méjì àti díẹ̀, wọ́n ní dráífà graphics tó yege ìdánwò OpenGL ES 3.1, ohun tí Apple fúnra rẹ̀ kò ní lórí ẹ̀rọ náà. Ó jọ iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2025, Martin kọ̀wé pé ó ti rẹ òun, òun fi ipò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Rosenzweig náà, tó ti wá kọ dráífà yẹn lẹ́yìn Panfrost, lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Mac M3 àti èyí tó tẹ̀ lé e ṣì ń dúró. Ilé-iṣẹ́ lè gbé ṣíìpù tuntun jáde lọ́dọọdún. Ẹni tó ń fi òru rẹ̀ tú u wò kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ títí láé.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ káàdì Nvidia àtijọ́ máa gbé mi lọ́kàn. Ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé dráífà 580 ni yóò jẹ́ èyí tó kẹ́yìn fún ìran Maxwell, Pascal àti Volta. GTX 1060 wà lára wọn, ọ̀kan nínú káàdì tí wọ́n rà jù nígbà tirẹ̀. Kò lè lo módù tó ṣí, torí kò ní GSP. Nouveau kò lè mú un sáré, torí firmware rẹ̀ wà lábẹ́ àmì àṣírí. Dráífà dídì 580 yóò gba àtúnṣe ààbò fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kernel tuntun kan yóò dé tí kò ní bá a mu. Kò sí ẹnikẹ́ni tí a lè dúró dè fún káàdì yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni tó lè kọ ọ́ fún wa, àyàfi tí Nvidia bá tú firmware kan tó fọwọ́ sí síta fún ọjà tí kò tà mọ́.